Abọ́ Méjì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ́ǹṣì

Kò sí ohun tó ń bí Alágbàfọ̀ nínú nílùú òkèèrè tó ń gbé tó ọ̀rọ̀ ajá. Òtútù ibẹ̀ kò bí i nínú, ó ní Ọlọ́run ló dá a. Èdè wọn tó ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu kò bí i nínú, ó ní díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà jí ní kùtùkùtù, kó wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù, kó gbé ẹran dání, kó máa wá ajá tí kò mọ bàbá ẹ̀ kiri ìgboro pé kó wá jẹun, ìyẹn kọjá òye rẹ̀. Á pòṣé ṣàà.

"Ajá tí ò lẹ́ni tó ni ín! Tí ò ṣọ́lé fún wọn, tí ò pa ẹran wálé! Ta ló ṣépè fún wọn?"

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi o. Ohun tó gbé e dé ibẹ̀ kò jẹ́ kó ráyè ajá.

Alágbàfọ̀ kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Láti kékeré ló ti máa ń fọ nǹkan. Ọjọ́ tó fi ọṣẹ fọ òròmọdìẹ ìyá rẹ̀, tó sì fẹ́ sá a sórí okùn, ni ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn, orúkọ sì ro ọmọ. Ní báyìí, òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Òun àti obìnrin kan ni wọ́n jọ máa ń di aṣọ funfun fífẹ̀ náà mú ní etí méjèèjì, wọn á nà án, wọn á ká a, wọn á pàdé láàárín, wọn á tún pa dà. Ooru ẹ̀rọ á bo gbogbo yàrá débi pé ẹ ò ní rí ojú ẹni tó di etí kejì aṣọ mú. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan lẹ máa rí.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ mìíràn wọ́n. Òtẹ́ẹ̀lì yìí gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sọ gbẹ̀yìn pé òun ti ń ṣiṣẹ́, kí ohùn rẹ̀ tó dákẹ́. Ọdún lọ, ọdún bọ̀, kò pe ìyá rẹ̀ mọ́, kò kọ̀wé, kò ránṣẹ́. Nígbà tí àbúrò dé ibẹ̀ tó béèrè, wọ́n ní àwọn lé e lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti kú, wọn ò mọ ibi tó forí lé. Alágbàfọ̀ bá gba iṣẹ́ níbẹ̀, ó gba yàrá sí àdúgbò náà, ó ń fi fọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ han èèyàn kiri: ọkùnrin ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ róbótó kan, tó ń rẹ́rìn-ín nínú aṣọ tuntun. Gbogbo wọn ló ń mi orí. Ìyá tó ń mójú tó ilé tó ń gbé náà wò ó, ó mi orí. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pe ìyá yẹn, torí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó máa ń dún ṣaworo nídìí rẹ̀ kó tó yọ.

Ìyá wọn nílé kò fẹ́ owó. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ.

"Òkú ni o, ààyè ni o, ẹ ṣáà sọ fún mi. Wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí wọ́n rí. Mi ò fẹ́ kú kí n má mọ ọ̀nà tí mo máa kọjú sí láti sunkún ọmọ mi."

Ohun tí Alágbàfọ̀ ń lé kiri nìyẹn. Ìyá rẹ̀ sì ti ń darúgbó lọ, ikọ́ kan sì wọ̀ ọ́ lára tí kò fẹ́ lọ.

Ilé tí ìyá yìí ti tọ́ wọn, òfin kan wà níbẹ̀ tí kò ní àwáwí. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Màmá á dúró lé wọn lórí pẹ̀lú igbá omi, á ní, "Ọwọ́ dà?" Ẹ̀gbọ́n á kọ́kọ́ na ọwọ́ ọ̀tún, Màmá á bu omi sí i, á yí i síwá yí i sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni àbúrò á ṣẹ̀ṣẹ̀ na tirẹ̀. Ọjọ́ tí ebi pa Alágbàfọ̀ débi tó fi na tirẹ̀ ṣáájú, ṣíbí ọbẹ̀ ni Màmá fi kàn án lórí.

Ẹ jẹ́ ká pa dà sọ́rọ̀ ajá.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni yàrá Alágbàfọ̀ wà, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá. Bẹ́ǹṣì onígi kan wà láàárín àgbàlá náà, abọ́ méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún omi. Ajá kan ló ni abọ́ méjèèjì. Ó ga, ó rí hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti eérú. Àwọn ará ilé náà ló ń bọ́ ọ: ẹni tó ń tún bàtà ṣe lókè, ìyàwó onímọ́tò, Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ jù lọ. Kì í gbó. Kì í ju ìrù sí ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ sílẹ̀, kò ní jẹ ẹ́. Á kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí, á dúró bí ẹni ń dúró de àṣẹ, lẹ́yìn náà á ti ẹsẹ̀ iwájú kan bọ inú abọ́ omi, á yọ ọ́, kó tó wá fẹnu kan oúnjẹ.

"Ẹ wo ọ̀bùn," Alágbàfọ̀ sọ lójú fèrèsé. "Omi tó fẹ́ mu ló ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀."

Ohun tó kọ́kọ́ kọ ọ́ lóminú kọ́ nìyẹn. Ọjọ́ kan tó ti ibi iṣẹ́ dé, tí ẹsẹ̀ ń ro ó, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà. Kò tíì rọra jókòó tán tó gbọ́ ṣaworo-ṣaworo. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ dúró níwájú rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi, dìde níbẹ̀."

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni, Ìyá?"

"Kò bàjẹ́."

"Ta wá ni wọ́n fi pamọ́ fún?"

Ìyá náà yíjú kúrò lára rẹ̀. Ajá ló ń wò. Ajá náà ti dìde, kò bínú, kò gbin, àmọ́ ojú rẹ̀ kò sí lára Alágbàfọ̀ rárá. Ó ń wo àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lókè díẹ̀, níbi tí orí èèyàn máa wà bó bá jókòó. Alágbàfọ̀ dìde, ó kó báàgì rẹ̀, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó wá di pé kí ajá yìí máa tẹ̀ lé e. Á bá a dé ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì, ní ẹnu ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé, á dúró síbẹ̀, á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì tún ń jáde bọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni Alágbàfọ̀ máa ń pe ilé. Fóònù kì í gbé dáadáa ní yàrá rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣí fèrèsé kó gbé e sẹ́bàá rẹ̀, kó sì máa pariwo, torí etí ìyá rẹ̀ ti ń di. Lọ́sẹ̀ kan, bí òun àti ìyá rẹ̀ ṣe ń kíra wọn, ó rí i pé ajá náà ti fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀, ó ti wá jókòó sábẹ́ fèrèsé, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Bí wọ́n ṣe dágbére tán, ó dìde, ó lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún wá. Bẹ́ẹ̀ ìyàwó onímọ́tò máa ń pariwo lórí fóònù ní àgbàlá yẹn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ajá kò jẹ́ yíjú wò ó. Nígbà tó tún di ọ̀sẹ̀ mìíràn, Màmá ń sọ ohun tó máa ń sọ, "Ṣé o ti rí i?", ni ajá bá gbórí sókè, ó hu.

Híhu yẹn kì í ṣe híhu ajá tí ebi ń pa. Ó gùn, ó lọ sókè, ó wá wálẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí ẹkún gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Kí nìyẹn?" Màmá béèrè lọ́hùn-ún.

"Ajá ni, Màmá."

"Ajá ń hu lójú fèrèsé rẹ lọ́sàn-án gangan, o sì ń wò ó? Lé e! Lé e kúrò níbẹ̀, Alágbàfọ̀! Ajá kì í hu lásán." Ikọ́ bá mú un, ó wú u títí, ó fi gbàgbé ohun tó ń sọ.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ajá tó ń hu ní ojúlé ẹni. Ó ti rí òkú kó tó hu. Ta ni kò gbọ́ ọ rí? Alágbàfọ̀ gbọ́ ikọ́ yẹn, ó gbọ́ híhu yẹn, ó so méjèèjì pọ̀. Ó ní ìyá òun lajá yìí ń pè. Ó gbé ike omi ọṣẹ tó gbóná, ó dà á lé ajá lórí láti ojú fèrèsé. Ajá kò sá. Ó gbọn ara, omi ọṣẹ ń ro tótó létí rẹ̀, ó sì tún gbójú sókè sí fóònù.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó hu. Ikọ́ Màmá sì le sí i. Alágbàfọ̀ kò lè sùn, kò lè jẹun. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó aṣọ òtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó gbọ́ pé Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ fẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀ ní ìlú kejì, ó dúró dè é kó lọ, ó pe àwọn tí ìjọba yàn láti máa kó ajá ìgboro.

Ọkọ̀ wọn dé pẹ̀lú kùrukùru òwúrọ̀. Ọkùnrin méjì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn àti ọ̀pá gígùn. Ajá ń yẹ̀ wọ́n sọ́tùn-ún, ó ń yẹ̀ wọ́n sósì, ó kàn ń yí bẹ́ǹṣì po láìlọ jìnnà. Wọ́n lé e títí ó fi sú wọn. Alágbàfọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán kí àwọn ará ilé tó jí. Ẹnu rẹ̀ kàn gbé e jáde, ní èdè ilé rẹ̀:

"Wọlé, jàre! Wọlé síbẹ̀, má dá mi lẹ́jọ́!"

Ajá dúró. Ó yíjú sí i. Ó sì rìn jẹ́jẹ́, ó kọjá láàárín àwọn ọkùnrin méjèèjì, ó gun ọkọ̀, ó jókòó.

Awakọ̀ ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ó ti pẹ́ tí a ti ń lé ajá yìí, kò sẹ́ni tó mú un rí. Kí lo sọ fún un?"

Ní gbogbo àdúgbò yẹn, kò sẹ́ni tó ń sọ èdè yẹn àfi Alágbàfọ̀. Ó ti wá a títí, kò rí ẹnì kan. Ta ló kọ́ ajá? Wọ́n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbàà, kùrukùru gbé wọn mì.

Ibi tí Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ bá a ní ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, tòun taṣọ iṣẹ́ tí kò lọ síbi iṣẹ́. Ìyá náà wo abọ́ méjèèjì. Oúnjẹ wà níbẹ̀ láìjẹ.

"Ajá dà?"

Alágbàfọ̀ sọ fún un. Kò purọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn yìn ín. Ìyá náà kò bú u. Ó jókòó tì í, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dákẹ́ síbi itan.

"Ọkùnrin kan ló ni ín," ló wí. "Àlejò ni, ó ti ọ̀nà jíjìn wá bíi tìẹ. Inú yàrá ẹ̀rọ tó ń mú ilé yìí móoru ló ń sùn. Mo mọ̀, mo sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Lọ́sàn-án, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn pẹ̀lú ajá rẹ̀. Kì í tọrọ nǹkan. Àánú ajá ń ṣe wá, ọmọ mi. Gbogbo wa là ń gbé oúnjẹ wá fún ajá. Ajá tó rù! Ajá tí òtútù ń pa! Kò sẹ́ni tó bi ọkùnrin yẹn bóyá òun ti jẹun. Ìgbà tó pẹ́ la tó mọ̀ pé inú abọ́ ajá lòun náà ti ń jẹ."

Ó nu ojú.

"Ọdún tó kọjá, kó o tó kó wá síbí, ẹ̀rọ bàjẹ́ nígbà òtútù. Orí bẹ́ǹṣì la bá a láàárọ̀. Ajá dùbúlẹ̀ lé e láyà. Ìjọba ló sin ín, a ò mọ orúkọ rẹ̀, a ò mọ ẹbí tí a máa lọ kí kú ọ̀fọ̀. Ajá yẹn nìkan la mọ̀ ní ẹbí rẹ̀. Òun là ń kí látìgbà yẹn. O rò pé oúnjẹ lásán la ń gbé síbẹ̀?"

Alágbàfọ̀ yọ fọ́tò jáde. Ìyá náà gbà á, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ róbótó yẹn, ó ku ojú nìkan.

"Ó lè jẹ́ òun. Mi ò lè búra. Tibí ní irùngbọ̀n, kò sì sí ẹran lára rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ni tìẹ. Èmi ò rí kí tibí rẹ́rìn-ín rí, àfi ìgbà tó bá fẹ́ jẹun. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló máa ń sọ fún ajá. Òun á kọ́kọ́ na ọwọ́ tirẹ̀, á ti ọwọ́ bọ omi, ìgbà yẹn ni ajá náà á na ẹsẹ̀. Bí ajá ò bá tíì ṣe é, kò ní fún un jẹ. Ìdí tí a fi ń gbé abọ́ méjì síbẹ̀ nìyẹn. Omi yẹn kì í ṣe fún mímu."

"Ẹsẹ̀ wo ló ń nà?"

"Tọ̀tún."

Igbe tí Alágbàfọ̀ ké, ẹni tó ń tún bàtà ṣe lókè ṣí fèrèsé láti wò ó. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ó ti da omi gbígbóná lé ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó ti fi èdè ìyá wọn tàn án wọ ọkọ̀ ikú, torí ọgbà tí wọ́n ń kó wọn lọ, èyí tí kò bá sẹ́ni tó wá gbà á, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún un, kì í sì í jí mọ́.

Òun àti Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn ọgbà náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀ àfi obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Àkámọ́ onírin lọ súà lápá méjèèjì. Ariwo ajá ń dún bí òjò lórí páànù.

"Gbogbo ẹni tó bá dé ló ń sọ pé òun lòun ni ajá," obìnrin náà wí. "Kò sí okùn kankan lọ́rùn èyí tẹ́ ẹ wá gbà. Fi hàn mí pé ó mọ̀ ọ́."

Àkámọ́ tó kẹ́yìn ni ajá eérú náà wà. Ó kọjú sí ògiri. Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Ohùn tirẹ̀ kọ́ ló jáde, ohùn ìyá rẹ̀ ni, bó ṣe máa ń dún pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́.

"Ọwọ́ dà?"

Àwọn ajá yòókù dákẹ́. Mi ò mọ ìdí tí wọ́n fi dákẹ́, obìnrin tó ń ṣọ́ wọn náà kò mọ̀, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ajá eérú yíjú pa dà. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lókè, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ó dúró. Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá síwájú, ó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún láàárín irin jáde.

"Bùrọ̀dá mi o," Alágbàfọ̀ wí. "Háà, Bùrọ̀dá mi." Ó di ẹsẹ̀ náà mú, ó sunkún sí i lórí. Obìnrin yẹn ṣí àkámọ́ láìbéèrè nǹkan kan mọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó gbé abọ́ méjèèjì wọ yàrá rẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀ fún ajá. Àga kan ṣoṣo tó ní, kò jókòó sórí rẹ̀, kò sì mọ ìdí. Ó gbé fóònù sẹ́bàá fèrèsé. Láti àárọ̀ ló ti ń to ọ̀rọ̀ sẹ́nu, ó ń tò ó, ó ń dà rú.

"Alágbàfọ̀, ṣé o ti rí i?"

Ajá rọra hu, kò lọ sókè bíi tàtẹ̀yìnwá.

"Ajá yẹn ò tíì lọ?" Màmá wí. "Ìwọ ọmọ yìí, mo ní kó o lé e!"

"Màmá, mi ò lè lé e. Bùrọ̀dá mi ló ni ín."

Ikọ́ Màmá dáwọ́ dúró. Ó wá béèrè, ohùn rẹ̀ sì ti kéré.

"Òun fúnra ẹ̀ ńkọ́?"

Alágbàfọ̀ la ẹnu, ẹkún ló jáde. Màmá mọ ẹkún ọmọ rẹ̀, ó mọ èyí tó jẹ́ ti ìyà, ó mọ èyí tó jẹ́ ti òkú.

"Ó ti tó," ló wí. "Ó ti tó, ọmọ mi. Mo ti gbọ́. Ta ló wá ń bọ́ ajá ẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

"Àwọn ará ibí ni, Màmá."

"Wọn ò ní wá ẹni tó máa bọ́ tiwọn tì." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé ó ti jẹun lónìí?"

"Kò tíì jẹ."

"Gbé fóònù sún mọ́ ọn." Ó tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ohùn rẹ̀ máa jáde, kì í ṣe ohùn arúgbó tó ń húkọ́. "Ọwọ́ dà?"

Ajá dìde. Ó yíjú sí àga tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀, ó ń wò ó.

"Ṣé ó ti na ọwọ́?"

"Rárá, Màmá. Ó ń dúró de Bùrọ̀dá."



"Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n báyìí," Màmá wí. "Na tìẹ."

Alágbàfọ̀ na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó tì í bọ omi. Ajá wo ọwọ́ náà, ó tún wo àga lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó gbé e lé e lọ́wọ́ nínú omi. Màmá ń gbọ́ bí omi ṣe ń dún.

"Ó mọ́?"

"Ó mọ́, Màmá."

"Ẹ jẹun."